Olùdíje Tí Ó Ní Òun Yóò Mú Òwò Wá: Òwò Ta Ni?

Láti ìgbà tí a ti ń dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní Ọbáfẹ́mi-Òwódé àti ní Ìfọ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni kì í wọ́n lẹ́nu àwọn olùdíje. Wọn yóò ní àwọn yóò mú òwò wá. Wọn yóò ní oúnjẹ àti ilé yóò dínwó. Wọn yóò sì ní ìlú yóò dàgbà, àti pé ìdàgbàsókè náà yóò tọ́jọ́ dé ọ̀dọ̀ ọmọ-ọmọ wa. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Àgbẹ̀ a pàtẹ́wọ́, ìyálọ́jà a jó. Ṣùgbọ́n bí ìbò bá ti tán, òwò tí ó dé kì í ṣe òwò wa, ilé tí a kọ́ kì í ṣe ilé tí mẹ̀kúnnù lè gbà, ìdàgbàsókè tí a sì rí kò ju ilẹ̀ bàbá ẹni tí odi yí ká lọ.

Kì í ṣe olùdíje kan ṣoṣo ni a ń bá wí lónìí. Èrò náà ni a ń bá jà, nítorí ó ti gbilẹ̀ nínú gbogbo ẹgbẹ́, a kò sì yọ tiwa sílẹ̀. Èrò náà ni pé bí ìjọba bá ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún olówó, tí olówó sì kọ́ ilé ńlá tàbí ilé-iṣẹ́ sí etí ọ̀nà márosẹ̀, ìrọ̀rùn yóò máa kán bọ́ sílẹ̀ fún tálákà bí omi òrùlé tí ń kán sínú agbada. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Mọ́wé, ẹ sọ fún wa: agbada ta ni ó ti kún?

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ojú wa rí. Ní ọdún 1978 ni a ṣí ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Èkó dé Ìbàdàn. Ní ìgbà náà, oko ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí a ń pè ní ìlú ní Ìbafò àti Mọ́wé lónìí. Ní ọdún 1983 ni ìjọ Redeemed gba ilẹ̀ tí ó di Redemption Camp. Bí owó ilé sì ti ń gun òkè ní Èkó ni àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ọlọ́jà ń ṣí wá sí ọ̀dọ̀ wa. Lónìí, ilé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ so pọ̀ láti ààlà Èkó dé Mọ́wé. Bí ó bá jẹ́ pé iye ènìyàn àti iye ilé nìkan ni a fi ń mọ ìdàgbàsókè, àwa ni à bá ṣáájú gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọ inú Camp yóò bá iná tí wọ́n fi gáàsì pèsè fún ara wọn, omi ẹ̀rọ, títì ọlọ́dà, àti ètò tí a fi ń kó ìdọ̀tí. Kí ó wá jáde, kí ó wọ àdúgbò tí ó wà lẹ́yìn odi. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ni yóò kí i káàbọ̀. Kànga tí olúkúlùkù gbẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń mu, ìgbà tí òjò bá sì rọ̀, ẹrẹ̀ ni ọ̀nà. Òjò kan náà ni ó ń rọ̀ sí ibi méjèèjì. Ilẹ̀ kan náà ni.

A kò kọ èyí láti yin ìjọ kan tàbí láti bú u. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ náà ṣe é ṣe lórí ilẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé, bí àpò bá ní olùṣọ́, tí a sì la ọ̀nà omi kí a tó kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n kí olùdíje má ṣe fi àpẹẹrẹ yìí tàn wá. Ìjọ lè yan ẹni tí yóò bá a gbé, ó sì lè gba owó iná lọ́wọ́ ẹni tí ó ní in. Ìjọba ìbílẹ̀ kò lè yan ará ìlú. Opó, aláàárù, ọlọ́kadà, àgbẹ̀ tí kò ní ju sarè mẹ́ta lọ, tirẹ̀ ni gbogbo wọn. Ẹni tí ó bá ní òun yóò sọ gbogbo Mọ́wé di bíi Camp, kí ó kọ́kọ́ sọ ẹni tí yóò san owó rẹ̀.

Kí ni ó wà ní ọwọ́ alága ìjọba ìbílẹ̀ gan-an? Òfin ìpìlẹ̀ ti ọdún 1999 kò fi í pamọ́. Ọjà, gáréèjì, ilé ìpẹran, àwọn ọ̀nà inú ìlú àti gọ́tà wọn, kíkó ìdọ̀tí, owó orí ilé, àti ipa tirẹ̀ nínú ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti nínú ìtẹ̀síwájú iṣẹ́ àgbẹ̀: ìwọ̀nyí ni iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí olùdíje bá ṣèlérí ilé-iṣẹ́ tí a ti ń ṣe mọ́tò, ẹ lè rẹ́rìn-ín. Bí ó bá dákẹ́ lórí gọ́tà, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ òwò tí ó kan àgbẹ̀ jù lọ ni ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì. Obìnrin tí ó di gàrí tàbí ìrẹsì sínú ọkọ̀ láti oko yóò san owó ní gáréèjì, yóò san owó ní ojú ọ̀nà, yóò tún san owó ní ẹnu ọjà, ó sì ṣòro fún un láti mọ èyí tí ó dé àpò ìjọba nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti ọdún 1998 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti kọ̀ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni gbégi dínà láti gba owó orí tàbí owó ọjà, ìbáà jẹ́ ọwọ́ ìjọba fúnra rẹ̀. Òfin owó orí tuntun tí a fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2026, tún sọ pé ẹni tí èrè rẹ̀ kò ju ₦800,000 lọ lọ́dún kò ní san owó orí kankan lórí rẹ̀. Ẹ wò ó bí ọ̀ràn ti rí: ẹni tí Àbújá dá sí nítorí òṣì rẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó di ọ̀pá mú ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìyànà Ọ̀fàdà.

Ilẹ̀ Ẹ̀gbá sì ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí! Ilẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ti dìde sí owó orí nínú ogun Adùbí ní ọdún 1918. Ilẹ̀ tí àwọn ìyá wa, tí Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú, ti tú jáde ní ọdún 1947 nítorí owó orí obìnrin, tí wọn kò sì simi títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ ní January 1949. Ọmọ-ọmọ àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ni olùdíje ń bá sọ̀rọ̀. Kí ó mọ irú ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀.

Nípa pé kí nǹkan dínwó: ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ tí ń ka ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ sọ pé owó oúnjẹ ti fi ìdá ogójì ó lé nínú ọgọ́rùn-ún lé sí ti ọdún tí ó ṣáájú. Epo bẹntiróò, tí kò pé ₦200 lítà kan kí a tó yọ owó ìrànwọ́ kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ní oṣù keje ọdún 2024 kan náà ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé kí ìrẹsì, àgbàdo, ẹ̀wà àti àlìkámà wọlé láti òkèèrè fún àádọ́jọ ọjọ́ láìsan owó ibodè. A mọ̀ pé ebi kì í dúró de ìpàdé. Ṣùgbọ́n a kò lè gbà pé ọ̀nà tí a ó fi mú kí oúnjẹ dínwó fún ará Èkó ni kí a fi oúnjẹ òkèèrè lu àgbẹ̀ ilé mọ́lẹ̀.

Àgbẹ̀ kọ́ ni ó sọ oúnjẹ di ọ̀wọ́n. Ẹ fi iye tí a ra àpò kan lóko wé iye tí a tà á ní Mile 12, kí ẹ wo ohun tí ó wà láàrin. Owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, èyí tí ó bàjẹ́ nígbà tí ọkọ̀ rì sínú ẹrẹ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀nà oko àti gáréèjì, alága ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ni wọ́n. Ibẹ̀ ni owó oúnjẹ ti lè wálẹ̀ láìjẹ́ pé kọ́bọ̀ kan dín nínú èrè àgbẹ̀.

Ẹ tún wo ìrẹsì Ọ̀fàdà. Kò sí ìlú tí orúkọ rẹ̀ dùn lẹ́nu olóúnjẹ Èkó ju ìlú yìí lọ. Wọ́n ń fi ewé eéran pọ́n ọn, wọ́n ń tà á fún ọlọ́lá ní iye tí ìrẹsì òkèèrè kò tó. Síbẹ̀ kí ni ẹ̀sùn tí a máa ń fi kàn án? Òkúta. Òkúta sì ń wọ inú rẹ̀ nítorí pé orí ilẹ̀ àti etí títì ni a ti ń sá a. Pèpéle sìmẹ́ńtì tí a ó máa sá ìrẹsì sí, àti ẹ̀rọ tí ń ṣa òkúta kúrò lára ìrẹsì tí a ti gún, kì í ṣe ohun tí ó ju agbára ìjọba ìbílẹ̀ lọ. Òwò rè é! Olùdíje tí ó ń wá òwò lọ sí ìlú òyìnbó ti fò ó kọjá ní ọ̀nà oko.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ó le jù. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ìgboro sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì gbà á láyè láti fún ẹnì kan ní ilẹ̀ oko tí ó tó 500 hẹ́kítà. Òfin kan náà sọ pé bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún ìlò gbogbo ènìyàn, owó ohun ọ̀gbìn àti ilé tí ó wà lórí rẹ̀ ni a ó san. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní owó àfi owó ìyálélẹ̀ tí a san lọ́dún náà. Àgbẹ̀ yóò gba owó ọ̀pẹ àti ẹ̀gẹ́, owó náà yóò tán kí ọdún tó yípo, ọmọ rẹ̀ yóò sì padà wá ṣọ́ ẹnu géètì lórí ilẹ̀ kan náà. Bí a bá pe èyí ní ìdàgbàsókè tí yóò tọ́jọ́, kí ni ọmọ náà yóò fi sílẹ̀ fún ọmọ tirẹ̀? A kò sọ pé kí a má kọ́ ilé. Èkó ń bọ̀, kò sí ẹni tí ó lè dá a dúró. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a pààlà ilẹ̀ oko láti ìsinsìnyí, ní àyíká Ọ̀fàdà àti ní apá Kájọlà ní Ìfọ̀ níbi tí ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń dúró láti ọdún 2021, kí a sì fi òfin dè é. Kí a má sì kọ́lé sí ojú omi mọ́. Àwọn ará Ìṣẹ́rí àti Wáréwà tí odò Ògùn máa ń bá nínú yàrá mọ iye tí àṣìṣe yẹn ń náni.

Àwọn kan yóò dáhùn pé ìjọba ìbílẹ̀ kò lówó lọ́wọ́. Ní ọdún 2023, alága Ìjẹ̀bú East ìgbà náà, Ọ̀gbẹ́ni Wálé Adédayọ̀, sọ ní gbangba pé owó tí ó tọ́ sí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ sẹ́ ẹ, àwọn káńsẹ́lọ̀ sì yọ ọ́ nípò. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wá dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ wọn. Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún náà ni a dìbò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn: ẹgbẹ́ APC tí ó wà lórí oyè ni a kéde pé ó mú gbogbo ipò alága, ogún lọ́nà ogún, àti gbogbo ipò káńsẹ́lọ̀, 236. Ìgbìmọ̀ tí kò ní alátakò kan ṣoṣo, ta ni yóò bi í léèrè ibi tí owó ọjà wọlé sí? Ẹ̀yin olùkàwé wa ni ó kù.

Nítorí náà ni a ṣe ń rọ ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní Mọ́wé, Ìbafò, Ọ̀fàdà, Òwódé àti Ìfọ̀ pé kí wọ́n má ṣe gba olùdíje kankan ní ìpàdé, títí kan ẹni tí ẹgbẹ́ wa bá fà kalẹ̀, bí kò bá kọ ìdáhùn rẹ̀ sórí ìwé. Kí ó kọ iye tí òun yóò máa gbà ní ọjà àti ní gáréèjì, kí ó sì gbà pé a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọjà lóṣooṣù. Kí ó dárúkọ ọ̀nà oko tí òun yóò kọ́kọ́ ṣe. Kí ó sọ ilẹ̀ tí òun kò ní jẹ́ kí a tà. Kí akọ̀wé ẹ̀ka sì fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sí wa, nítorí a ó tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn yìí pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́, àti orúkọ ẹni tí ó kọ̀ láti kọ ọ́.