Ẹ Jẹ́ Kí Ìjàpá Ṣe Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tí ó kọjá, àgbà kan tí mo bọ̀wọ̀ fún wí pé ìwé ẹranko tí ń ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò yẹ ọmọ Yorùbá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà. Àlọ́ Ìjàpá ti tó o. A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, ojú sì tì mí nígbà tí mo dé yàrá.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ tèmi. Cynthia Rylant ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní 2000. Ehoro tí ń jẹ́ Bunny ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ̀, òun àti Jack, ẹranko ilẹ̀ wọn kan tí ojú rẹ̀ dúdú bí ti olè tí ó fi aṣọ bojú. Gbólóhùn kúkúrú ni, àwàdà sì pọ̀. Mo ń túmọ̀ ọ̀kan fún àbúrò mi, ọmọ ọdún méje, tí ó máa ń sùn lórí ìwé Yorùbá rẹ̀. Kò sùn. Ó já ìwé gbà, ó ń wá olè nínú àwòrán.

Olóko inú àlọ́ wa, tí ó gbé ère alátè kalẹ̀ de ẹni tí ń jí iṣu rẹ̀, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ha kọ́ ni? Ṣùgbọ́n apàlọ́ a ti dárúkọ Ìjàpá kí olóko tó mọ̀ pé iṣu òun dín. Nínú àlọ́ àpamọ̀ ni a ti ń fi ìdáhùn pamọ́. Ẹ so méjèèjì pọ̀, ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dé, a kò yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àgbà ti rí tirẹ̀: Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ Àjà Ló Lẹrù ní 1969. Èwo ni ti ọmọdé?

Wọn á ní ọmọ yóò ti mọ̀ pé Ìjàpá ni olè. Ó dára, ẹ fi Ìjàpá ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ta ni ó mọ ọ̀nà olè tó o? Ewúrẹ́ kọ ìwé sí i láìfi àmì ohùn sí i: wọ́n gbé ọkọ òun lọ. Ajá sáré wá Òbúkọ káàkiri ìlú. Ọ̀bọ dúró létí títì, ó ń yẹ mọ́tò wò. Ìjàpá nìkan ni ó lọ wo oko, ó rí ebè tí a kọ dé ìdajì: ọkọ́ ni wọ́n gbé! Pàṣán ni wọ́n fi kọ́ èmi ní àmì ohùn, mo sì kórìíra rẹ̀ títí mo fi wọ yunifásítì.

Bàbá, ẹ má bínú. Ojú ìwé mẹ́rin ni mo ti kọ. Àbúrò mi ti kà wọ́n tán, ó ń yọ mí lẹ́nu pé ta ni ó gbé ọkọ́.