Ẹ̀kọ́ Inú Ìwé Yẹn Kì Í Ṣe Ti Ọmọbìnrin Nìkan



Láti ọdún 2021 títí dé 2025, Second Class Citizen tí Buchi Emecheta kọ wà lára ìwé ìtàn àròsọ tí WAEC yàn fún àwọn tó ń ṣe ìdánwò Lítíréṣọ̀. Àwọn ọmọ wa ní Dutse Alhaji níbí náà kà á. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí kọ́ níbẹ̀. Ìdáhùn tí ẹ ó sábà gbọ́ ni pé, "Obìnrin gbọ́dọ̀ ní ìfaradà." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n há a sórí fún ìdánwò, bẹ́ẹ̀ náà ni a sì ń gbọ́ ọ nínú ìwàásù. Mo ní ẹ̀kọ́ yẹn kù díẹ̀ káàtó.

Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn náà. Ọmọkùnrin ni àwọn òbí Adah ń retí nígbà tí wọ́n bí i. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ rán lọ sí ilé-ìwé. Òun fúnra rẹ̀ ló sá kúrò nílé lọ jókòó sí kíláàsì. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ìdí tí àwọn ẹbí fi jẹ́ kó máa bá ẹ̀kọ́ lọ ni pé owó orí ọmọ tó kàwé yóò pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ń rò pé àwọn òyìnbó Lọ́ńdọ̀nù ló sọ Adah di ẹni ipò kejì. Rárá o! Láti ilé bàbá rẹ̀ ló ti wà ní ipò kejì.

Ó fẹ́ Francis nítorí pé kò rí ilé tí yóò máa gbé kàwé. Ó ṣiṣẹ́, ó sì sanwó kí ọkọ rẹ̀ lè lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù. Francis ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ó sì ń lu ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí Adah kọ ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ tán, Francis jó o níná. Níwájú adájọ́, ó ní òun kò fẹ́ ẹ níyàwó rí, ó sì ní kí wọ́n kó àwọn ọmọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbà wọ́n tọ́.

Ǹjẹ́ nínú àwọn méjèèjì, ta ni ìfaradà wọ́n? Adah ní in tó, ó tilẹ̀ ní in jù. Francis ni kò lẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ohun tí Francis ṣe gan-an nìyẹn. Kí ló wá dé tí ọmọbìnrin nìkan ni a ń gbé ẹ̀kọ́ ìwé náà fún?

Ẹlòmíràn yóò ní ìwé náà ń kọ́ ọmọ ní olè, nítorí Adah fi owó ẹran, ṣílè méjì, sanwó ìdánwò. Wọ́n nà án fún un, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni. Bíbélì náà sọ ẹ̀ṣẹ̀ Dáfídì fún wa láìbò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè: irú ilé wo ni ọmọ ti ń jalè kó tó lè ṣe ìdánwò?

Ẹlòmíràn yóò tún ní yóò sọ àwọn ọmọbìnrin di aláìgbọràn sí ọkọ. Éfésù orí 5 tó ní kí aya tẹríba náà ló ní kí ọkọ fẹ́ràn aya rẹ̀ bí Kristi ti fẹ́ràn ìjọ. Pétérù Kìn-ín-ní 3:7 sì kìlọ̀ fún àwọn ọkọ pé àdúrà wọn lè ní ìdènà bí wọn kò bá bu ọlá fún aya wọn. Mélòó nínú àwọn ọmọkùnrin wa ló mọ ẹsẹ yẹn lórí?

Jeremáyà orí 36 sọ bí ọba Jèhóyákímù ṣe ń fi ọ̀bẹ gé ìwé wòlíì, tó ń jù ú sínú iná. Olúwa ní kí wọ́n kọ òmíràn. Bárúkù tún un kọ, ó sì gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Emecheta alára, ọkọ rẹ̀ jó ìwé rẹ̀. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde, ó tún ìwé náà kọ, The Bride Price sì jáde lọ́dún 1976. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọbìnrin yín.

Kí wá ni ká ṣe? Kí ẹgbẹ́ GA àti ẹgbẹ́ RA jókòó pọ̀, kí wọ́n ka ìwé náà tán, kì í ṣe ìwé pẹlẹbẹ ìbéèrè àti ìdáhùn. Ẹ bi àwọn ọmọkùnrin pé, "Bí ìyàwó rẹ bá mọ nǹkan ṣe jù ọ́ lọ, kí lo máa ṣe?" Lẹ́yìn náà kí òbí kọjú sílé. Lọ́jọ́ tí mai ruwa kò bá kọjá, ta ló ń pọnmi? Ta ló ń fọ abọ́ nígbà tí ẹnìkejì wà nídìí fóònù? Ọmọ tó gba "A" nínú Lítíréṣọ̀, tí kò lè fọ abọ́ tó fi jẹun, kò tíì ka ìwé yẹn.

Kí Olúwa má jẹ́ ká tọ́ Francis sínú ilé wa. Àmín.