Táyà Ẹ̀yìn Tó Fẹ̀: Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́

Bí ariwo ọjà Ìdúmọ̀tà bá ti rọlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ Ìsàlẹ̀ Èkó máa ń gbé alùpùpù ńláńlá wọn jáde: irú èyí tí ìjókòó rẹ̀ relẹ̀, tí ọwọ́ ìdarí rẹ̀ gùn, tí ẹni tó gùn ún sì ń na ẹsẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ̀yìn ti àga ìgbàfẹ́. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà ní oṣù kejì ọdún 2020, wọ́n yọ alùpùpù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ju 200cc lọ sọ́tọ̀. Ohun ìrìnnà ni, ohun ẹ̀ṣọ́ sì ni. Níbi tí ẹ̀ṣọ́ bá sì ti wọ̀ ọ́, táyà ẹ̀yìn tó fẹ̀ ni ojú kọ́kọ́ ń wá.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìdúmàgbò ní Bajaj Avenger 220. Òun ló fi ń gbé ìyàwó rẹ̀ gba orí afárá Carter kọjá lọ sí ibi iṣẹ́ ní Yábàá láàárọ̀, tí ó sì fi ń gbé e bọ̀ lálẹ́. Táyà ẹ̀yìn ti jẹ tán, owó táyà kan ṣoṣo ló sì wà nílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ kí ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀ kún dáadáa, ó sì ní kí n bá òun wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo fẹ́ pín pẹ̀lú yín.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí òǹkà tó wà lára táyà. 130/90-15 ni táyà ẹ̀yìn tí Avenger 220 bá jáde láti ilé iṣẹ́. 130 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní milimítà. 90 ń sọ fún wa pé gíga ẹ̀gbẹ́ táyà, láti etí ríìmù dé ibi tó ti ń kan ilẹ̀, jẹ́ ìdá 90 nínú 100 fífẹ̀ náà, èyí tí í ṣe milimítà 117. 15 ni ìwọ̀n ríìmù láti etí kan dé èkejì ní íńṣì. Èyí tí ọ̀rẹ́ mi fẹ́ rà ni 140/90-15. Lójú lásán, milimítà 10 péré ló fi lé. Ṣùgbọ́n bí fífẹ̀ ti ń pọ̀ ni ẹ̀gbẹ́ náà ń ga: yóò di 126, gíga gbogbo táyà yóò sì kúrò ní 615 bọ́ sí 633. Táyà yóò fi milimítà 9 sún mọ́ mọ́gáàdì lókè, yóò sì fi 5 sún mọ́ ṣéènì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ó bá mú 140/80-15, gíga rẹ̀ yóò jẹ́ 605, ìyẹn ni pé yóò fi 10 kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Òǹkà àárín yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ríìmù. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà a máa sọ fífẹ̀ ríìmù tó bá a mu. Bí táyà bá fẹ̀ ju ríìmù lọ, ríìmù yóò fún etí rẹ̀ pọ̀, ojú táyà yóò sì wú bí ẹ̀yìn ìjàpá, débi pé àárín rẹ̀ nìkan ni yóò máa tẹ títì. Ẹni tó fowó ra fífẹ̀ kò ní rí fífẹ̀ náà lò. Bákan náà, táyà tó fẹ̀ kì í tètè tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí a bá fẹ́ yà. Ní àwọn ojú ọ̀nà tóóró Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí ọmọdé lè sáré jáde láti ẹnu ọ̀nà ilé nígbàkígbà, ọ̀rọ̀ ńlá ni.

Bí ẹ bá ń wọn àyè tó wà láàrin táyà àti mọ́gáàdì, ẹ má ṣe wọ̀n ọ́n nígbà tí alùpùpù dúró lófìfo. Ẹ jẹ́ kí ènìyàn méjì jókòó sórí rẹ̀, nítorí inú kòtò ni táyà àti mọ́gáàdì ti ń pàdé. Ẹ wo òǹkà ẹrù pẹ̀lú: 66 túmọ̀ sí kílò 300, kò sì gbọdọ̀ kéré sí ti táyà tí alùpùpù bá jáde. Ẹ wo ọjọ́ orí táyà: 2319 lẹ́yìn DOT ń sọ pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tòkunbọ̀ lè máa dán lójú, kí rọ́bà rẹ̀ sì ti gbó.

Ọ̀dọ̀ bàbá fọ́kánáísà kan ni ọ̀rọ̀ náà parí sí. Bàbá kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn. Táyà iwájú ni wọ́n fọwọ́ pa.

“Ọmọ mi, èyí ti dán bí orí apárí. Bí òjò bá rọ̀, bíréèkì iwájú lo máa kọ́kọ́ sá di, o wá ń wá ẹ̀yìn tó fẹ̀?”

Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi dáhùn pé, “Bàbá, ẹ bá mi sọ fún un. Èmi ni mo máa ń wà lẹ́yìn nígbà tó bá ń yọ̀ ní ìsọ̀kalẹ̀ afárá.”

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. 130/90-15 tuntun ni ọ̀rẹ́ mi rà sẹ́yìn, ó sì gbé alùpùpù náà sílé títí owó táyà iwájú fi dé. Dáńfó ni tọkọtaya náà wọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ṣọ́ ń wù, n kò ní kí ẹ má ṣe é. Bí ríìmù bá gbà á, bí àyè bá tó, tí òǹkà ẹrù sì pé, ẹ ra èyí tó fẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ẹ máa ń gbé sẹ́yìn bí ara rẹ̀ ṣe ń balẹ̀ sí. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.