Ẹja Tí Ilé Iṣẹ́ Kọ̀

Apẹja tó bá fi ọ̀kọ̀ gún ẹja ńlá létí omi kì í dákẹ́ ìròyìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní èbúté Abidjan, ní Côte d'Ivoire, ẹja tí kò jọ apẹja lójú ló di ààyò ará ìlú.

Ní 1950 ni wọ́n ṣí ọ̀nà omi Vridi, tí wọ́n gbẹ́ láti òkun wọ inú ọ̀sà, kí ọkọ̀ ńlá lè ráyè wọlé. Lónìí, àwọn ọkọ̀ ìpẹja láti ilẹ̀ Faransé àti Sípéènì ń já ẹja tùná síbẹ̀. Èyí tó dára ń lọ sílé iṣẹ́ alágolo. Èyí tó kéré jù, tàbí tó bàjẹ́ lára nínú omi iyọ̀ tí wọ́n fi dì í, ni wọ́n ń pè ní “faux poisson”, ẹja ayédèrú.

Àwọn obìnrin ló ń rà á jù ní èbúté. Wọ́n á dín in, wọ́n á rẹ́ ata àti àlùbọ́sà sí i, wọ́n á fi jẹ attiéké tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe. Garba nìyẹn! Ará Èjìgbò tó ti gbé Abidjan mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o. Tùná tó bá pẹ́ nínú ooru lè ní májèlé histamine, tó ń mú kí ojú pọ́n, kí orí máa fọ́, kí inú máa ru. Iná kì í pa á. Ẹ fọwọ́ kan ẹja kí ẹ tó sanwó. Bí kò bá tutù, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.