Ẹ Wọn Gíga Àwọn Ọmọbìnrin Wa

Òbí tó bá ní irú ọmọ yìí kò nílò àlàyé mi. Ọmọ pé ọdún 16, aṣọ ọmọ ọdún 10 ló ṣì ń bá a mu. Ọmú kò yọ, nǹkan oṣù kò dé. Wọ́n á ti gbé e dé ọ̀dọ̀ alágbo, wọ́n á ti gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀, kí dókítà kan tó sọ pé àìsàn Turner ni: ọ̀kan nínú kúrómósómù X méjì tó yẹ kó wà lára obìnrin kò sí, tàbí kò pé. Kì í ṣe ẹ̀bi ìyá, kì í ṣe ẹ̀bi bàbá, ayé kọ́ ló sì ṣe é.

Èyí tó ń bí mi nínú ni èsì àwọn aláṣẹ: “Àìsàn tó ṣọ̀wọ́n ni. Ibà ń pa ọmọ, ẹ̀yin ń sọ ti ọmọ tó kúrú.”

Ṣọ̀wọ́n kẹ̀? Nínú nǹkan bí ọmọbìnrin 2,000 sí 2,500 tí a bí láàyè, ọ̀kan ní in. Ẹ fi ìyẹn ṣírò iye ọmọbìnrin tí à ń bí ní Nàìjíríà lọ́dún, ẹ ó rí i pé iye àwọn tó ní in ju 1,000 lọ. Ta ló sì sọ pé kíkúrú nìkan ni? Fáàfù ọkàn tó yẹ kó ní ewé mẹ́ta máa ń ní méjì lára àwọn kan. Lára àwọn mìíràn, iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn á fún. Ìyẹn náà ń pani! Etí a máa dun ọ̀pọ̀ wọn lemọ́lemọ́, títí wọn ò fi ní gbọ́ràn dáadáa mọ́.

Ibà ń pani lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ló kan ibà nínú pé kí nọ́ọ̀sì wọn gíga ọmọ? Wọ́n ń gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, wọ́n ń kọ kílò sínú káàdì, ojú ibi tó yẹ kí gíga wà á funfun báláú. Owó téèpù ni wọn ò ní o, àwọn tó ń kó jíìpù lọ ṣí kànga kan ṣoṣo.

Nítorí náà, kí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kan téèpù mọ́ ògiri, kí wọ́n máa wọn ọmọ lọ́dọọdún, kí èyí tó bá ń rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ rí dókítà. Àsìkò ló ṣe pàtàkì: abẹ́rẹ́ họ́mọ́ònù tó ń mú ni ga kì í ṣiṣẹ́ mọ́ bí egungun bá ti dẹ́kun gígùn. Abẹ́rẹ́ yẹn wọ́n gan-an, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ́sítírójìn, tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 11 sí 12, tó ń mú ọmú yọ, tó sì ń mú egungun le, kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ní ti téèpù ara ògiri yẹn, lẹ́tà kan láti ọ́fíìsì kọmíṣọ́nnà ètò ìlera ti tó.

Kí ètò ìbánigbófò ìlera sanwó àyẹ̀wò kúrómósómù. Kí àwọn agbẹ̀bí máa fura sí àìsàn yìí lára ọmọbìnrin tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú nígbà ìbí. Kí olùkọ́ yéé fi àwọn ọmọ tó ní in ṣẹ̀sín. Àyẹ̀wò etí. Àyẹ̀wò kíndìnrín. Àyẹ̀wò ọkàn pẹ̀lú, pàápàá fún ẹni tó bá fẹ́ fi ẹyin ẹlòmíràn lóyún, torí iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn lè ya mọ́ ọn nínú.