Àníyàn àti Ọpọlọ Àwọn Ìyá Wa

Ẹ̀yin ìyá tí ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ní oṣù yìí, àti ẹ̀yin ọkọ wọn.

Ìyá kan á dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀, á ní òun kò rántí ibi tí òun fi kọ́kọ́rọ́ sí mọ́, oorun kò wá lóru, ooru sì ń mú òun nínú òjò. Kí ó tó sọ̀rọ̀ tán, àwọn kan ti sọ fún un pé ayé ti ra iyè rẹ̀. Wọ́n á ní kí ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún, wọ́n á sì máa fura sí ìyá ọkọ rẹ̀. Mo gbà pé ẹ̀mí òkùnkùn wà. Bíbélì kò fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń di ẹ̀bi ru ìyá arúgbó nítorí ohun tí ó jẹ́ ti ara, ẹ̀ṣẹ̀ ni ó ń dá.

Ẹran kékeré kan jókòó sórí kíndìnrín wa kọ̀ọ̀kan bí fìlà. Bí ìpayà bá dé, a tú họ́mọ̀nù kan tí ń jẹ́ kọ́tísọ̀l sínú ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ rere ni, ó ń ran ara lọ́wọ́ láti rí agbára. Ewu ibẹ̀ ni ìpayà tí kò lọ: owó ilé ẹ̀kọ́, ọkọ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ tí ń ṣàìsàn lọ́dọọdún. Ní 1968, Bruce McEwen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Rockefeller, New York, rí i lára eku pé irú họ́mọ̀nù yìí ń wọ inú hippocampus, apá ọpọlọ tí a fi ń kó ohun tuntun sí ìrántí. Bí ó bá pọ̀ jù, tí ó sì pẹ́ jù, ẹ̀ka àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ a máa súnkì.

Ẹ rántí obìnrin tí ó fọwọ́ kan ìṣẹ́tí aṣọ Jésù nínú Mátíù orí 9. Okùn àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì wa náà ní ìṣẹ́tí, telomere ni wọ́n ń pè é. Bí ìṣẹ́tí bá jẹ tán, aṣọ a tú. Ní 2004, Elissa Epel àti Elizabeth Blackburn, ẹni tí ó wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2009, yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá 58 wò ní California. Àwọn 39 nínú wọn ní ń tọ́jú ọmọ tí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń bá jà. Ìṣẹ́tí àwọn tí àníyàn wọ̀ lọ́rùn jù lọ ti kúrú, bí ẹni pé wọ́n fi ọdún 9 sí 17 ju àwọn tí ọkàn wọn balẹ̀ jù lọ. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò o, kì í ṣe ọpọlọ. Síbẹ̀, ó tó ohun tí ó yẹ kí ó ba ọkọ lẹ́rù.

Ẹ́sítírójìn ńkọ́, họ́mọ̀nù obìnrin? Ó ń ran sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ lọ́wọ́ láti ta ẹ̀ka. Wọ́n sì ti rí i nínú ilé àyẹ̀wò pé ó ń jí èròjà tí ń tún ìṣẹ́tí náà ṣe. Bí nǹkan oṣù bá ń dúró, ẹ́sítírójìn a lọ sílẹ̀, oorun a dàrú, àìsùn a sì tún fi kún kọ́tísọ̀l. Ìdí nìyí tí ìgbàgbé fi ń pọ̀ ní àkókò yẹn. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ, kì í ṣe àrùn ọpọlọ.

Ẹ má tìtorí èyí lọ ra họ́mọ̀nù ní kẹ́mísì. Àyẹ̀wò ńlá kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2003, lórí obìnrin tí ó lé ní 4,500 tí wọ́n ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀, fi hàn pé lílo ẹ́sítírójìn pọ̀ mọ́ progestin sọ ewu àrùn tí ń mú àgbà ṣarán di ìlọ́po méjì. Ti ẹni tí kò dàgbà tó bẹ́ẹ̀ lè yàtọ̀. Dókítà ni kí ẹ bi.

Ẹ ka Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 19. Èlíjà ti rẹ̀, ó ní kí òun kú. Áńgẹ́lì tí ó wá kò dè ẹ̀mí kankan. Ó fún un ní oúnjẹ àti omi, ó sì jẹ́ kí ó tún sùn. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ gba iṣẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ wọn nínú ilé, kí ẹ sì jọ máa rìn káàkiri àdúgbò nírọ̀lẹ́. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ obìnrin, owó ìtanràn tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ ìyá tí kò wá sí ìṣọ́ òru, mo bẹ̀ yín, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró fún ẹni tí kò tíì sun oorun gidi láti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá.