Bí Àlìkámà Bá Jẹ́ Ọ̀tá Ìfun Rẹ, Má Tijú Láti Béèrè ní Búkà

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ara mi ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò fẹ́ràn láti máa ka àìsàn mi sétí aráyé. Àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní sílíákì ni ó wà lára mi. Ẹni tí ó bá ní i, bí ó bá jẹ ohun tí a fi àlìkámà, ọkà báálì tàbí ọkà ráì ṣe, ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò dìde láti bá ìfun rẹ̀ jà. Gúlútẹ̀nì ni orúkọ èròjà tí ń dá ìjà náà sílẹ̀. Inú a máa wú, ìgbẹ́ gbuuru a máa yọni lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ a dín lára, ọmọdé tí ó ní i kì í sì í dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sí oògùn rẹ̀ títí di òní, àfi kí ènìyàn jìnnà sí gúlútẹ̀nì ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Willem Dicke, dókítà àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ Holland, ni ó kọ ìwé ní 1950 tí ó fi hàn pé àlìkámà ni ó ń pa àwọn ọmọ náà lára.

Àwọn kan yóò ní, "Àrùn òyìnbó nìyẹn." Irọ́ ni o! Ní 1999, àwọn oníwàádìí jẹ́ kí ayé mọ̀ pé láàárín àwọn ọmọ Sàhráwì, ní ilẹ̀ Áfíríkà yìí kan náà, ó lé ní 5 nínú 100 tí ó ní i.

Ọlọ́run ṣe é, oúnjẹ ilé wa kò ní gúlútẹ̀nì: iyán, àmàlà, ẹ̀bà, ẹ̀kọ, ìrẹsì, ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń jẹun nílé tán ní Èkó? Ẹni tí ó jáde ní agogo márùn-ún òwúrọ̀, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kò jẹ́ kí ó wọlé títí di agogo mẹ́sàn-án alẹ́, búkà ni ìyá rẹ̀.

Ní búkà kan tí mo máa ń lọ, àmàlà àti ewédú ni mo ń jẹ, síbẹ̀ inú ń run mí. Mo fi ẹ̀sùn kan ata, mo fi kan omi. Àfi ọjọ́ tí mo tètè dé, tí mo rí i tí ìyá olóúnjẹ fi ọmọ orógùn kan náà ro sẹ̀mó tán, tí ó gbọ̀n ọ́n nù, tí ó sì kì í bọ inú ìkòkò àmàlà. Àlìkámà sì ni sẹ̀mó! Nígbà tí mo sọ̀rọ̀, ó fajú ro, ó ní, "Ẹ̀yin bọ̀dá yìí, ṣé ẹ rò pé mo fẹ́ fún yín ní májèlé jẹ ni?" Àwọn oníbàárà yòókù wò mí bí ẹni tí ó bú ìyá wọn.

Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wa wà. Nínú àṣà wa, ẹni tí ó bá béèrè ohun tí ó wà nínú ọbẹ̀, bí ẹni tí ó fura sí alásè ni. N kò bá a jà. Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì nígbà tí èrò kò pọ̀, mo pè é ní Màmá, mo ṣàlàyé àìsàn mi fún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ya ọmọ orógùn sẹ̀mó sọ́tọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún epo dídín pẹ̀lú. Àkàrà kò ní àlìkámà, dùndú kò ní, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti din pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù nínú epo náà, ó ti bọ́ sí i. Ní ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà, omi sóyà tí wọ́n ń dà sí ìrẹsì, àlìkámà wà nínú púpọ̀ nínú rẹ̀. Báálì sì wà nínú ọ̀pọ̀ mọ́ọ̀tì ìgò, èyí tí à ń fún aláìsàn mu pé kí ó lè lẹ́jẹ̀ lára!

Ní ìlú London, láti oṣù Kejìlá 2014 ni òfin ti mú un ní dandan kí olóúnjẹ lè sọ fún oníbàárà bí ọkà tí ó ní gúlútẹ̀nì bá wà nínú oúnjẹ rẹ̀. Èmi fẹ́ irú rẹ̀ níhìn-ín, ṣùgbọ́n n kò ní í fi ebi pa ara mi dè é.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ àwọn tí ń ka ìwé yìí tí inú ń yọ lẹ́nu: ẹ má ṣe déédé pa búrẹ́dì tì kí ẹ tó rí dókítà. Bí ènìyàn bá ti ṣíwọ́ àlìkámà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè máà rí àrùn náà mọ́. Àwọn tí wọ́n sì ń sá fún un nítorí fáàrí nìkan, àwọn ni kò jẹ́ kí olóúnjẹ gba tiwa gbọ́.

Ní Sátidé tí ó kọjá, níbi ìnáwó kan ní Súrùlérè, wọ́n gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wá. Mo béèrè irú amọ́bẹ̀dùn tí wọ́n fi sè é. Obìnrin tí ń bu oúnjẹ kò bínú. Ó wọlé lọ mú páálí rẹ̀ jáde, àwa méjèèjì sì jọ ka ẹ̀yìn rẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà. Kò sí àlìkámà nínú rẹ̀. Àwo méjì ni mo jẹ.